Igi Tí Mo Pè Ní Òkú

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Padova, mo rò pé àìsàn kan ti pa gbogbo igi ìlú náà. Oṣù Kejìlá ni. Mo jókòó lẹ́bàá fèrèsé tíráàmù tó ń gba àdúgbò Arcella kọjá, mo ń wo àwọn igi tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Kò sí ewé kan ṣoṣo lórí wọn. Wọ́n dúdú, wọ́n gbẹ, bí oko tí iná jó. Àwọn ènìyàn ń gba abẹ́ wọn kọjá, wọn ò tiẹ̀ wòkè. Nígbà tí mo pe màámi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ bá wọn sọ nípa Ìtálì nìyí:

"Màámi, igi ibí ti kú tán o."

"Ta ló pa wọ́n?"

"Mi ò mọ̀. Bóyá òtútù ni."

"Ìwọ ṣáà wọ aṣọ tó nípọn. Ohun tó pa igi lè pa ènìyàn."

Ẹ̀gbọ́n Láńre wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọmọ àdúgbò wa nílé ni wọ́n, wọ́n fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ. Àwọn ló wá pàdé mi níbi tí mo ti sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, àwọn ló bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ọrùn wọn fún mi, yàrá wọn ni mo ń sùn. Wọn ò sọ fún mi pé igi wọ̀nyẹn ò kú. Ó dà bíi pé wọ́n fẹ́ kí ojú mi fúnra ẹ̀ rí i. Mo ti ronú sí i lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà pé, ká ní wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, bóyá ǹ bá má ti ṣe ohun tí mo ṣe sí wọn.

Ìwé mi ò jìn. Kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Irin ni mo mọ̀. Irin tó bá ti dípẹtà, a máa ń gé e dànù ni, a kì í dúró kó jí. Ní ti ewéko, gbogbo ìmọ̀ mi ò ju kí n fi àdá lé e lọ kúrò níwájú ilé.

Iṣẹ́ ọgbà sì ni mo bá níbí. Ọgbà ìyá arúgbó kan ni, gbogbo wa ń pè wọ́n ní Signora. Opó ni wọ́n, kúkúrú, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, ohùn wọn sì le ju ara wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n Láńre ló ti ń bá wọn tún ọgbà náà ṣe fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n wá ríṣẹ́ gidi ní magazzino, àwọn ilé gàgàrà tí wọ́n ń kó ẹrù sí létí ìlú, wọ́n mú mi lọ síbẹ̀, wọ́n ní, "Signora, àbúrò mi nìyí. Bí ẹ bá rí i, èmi lẹ rí." Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí nínú eegun.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé Signora. Wọ́n ń gbé ìsàlẹ̀ nítorí ẹsẹ̀, òkè ṣófo. Òkè yìí ni ọkàn Ẹ̀gbọ́n wà. Ìyàwó wọn àti Tèmi, ọmọbìnrin wọn, wà ní Ìbàdàn. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́fà, ọdún mẹ́rin nínú rẹ̀ ló fi mọ bàbá ẹ̀ nínú fóònù. Ìjọba ibí kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn kó ìyàwó àti ọmọ wá láìní ilé tó gbà wọ́n. Yàrá alábẹ́ẹ̀dì méjì wa ò gba ẹnikẹ́ni. Signora wá ṣèlérí pé àwọn máa fún Ẹ̀gbọ́n ní òkè náà, pé tí àwọn bá ti ọ̀dọ̀ ọmọ àwọn ní Torino dé, àwọn máa fọwọ́ sí contratto, ìwé àdéhùn ilé. Ẹ̀gbọ́n ti jẹ́rìí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n dìde níwájú gbogbo ìjọ, wọ́n ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa, mo ti rílé." Ìjọ pariwo. Èmi ló pariwo jù.

Èmi náà ń retí contratto tèmi, ti iṣẹ́. Permesso mi, ìwé tí mo fi ń gbé ìlú, oṣù díẹ̀ péré ló wà fún, kò sì sẹ́ni tó máa tún un ṣe fún mi bí mi ò bá níṣẹ́ lábẹ́ òfin. Signora ti ní àwọn máa kọ orúkọ mi sílẹ̀ bí òṣìṣẹ́ àwọn. Ọwọ́ ìyá arúgbó kan ṣoṣo lọ̀rọ̀ àwa méjèèjì wà.

Oṣù Kejìlá yẹn náà ni Signora lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Torino, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí fún wọn. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ kan sílẹ̀ fún mi, ìkejì wà lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n látijọ́.

Mo fẹ́ràn ọgbà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rò pé òkú ló wà níbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹni tó ń pe orúkọ mi ò ju méjì lọ, Ẹ̀gbọ́n àti màámi. Nínú tíráàmù, àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló máa ń kún kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà, mo lè sọ Yorùbá sókè. Mo ń gbá ewé, mo ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ẹ kú ìjókòó o. Òtútù yìí pọ̀ fún ẹ̀yin náà." Ẹni tó bá gbọ́ mi á ní orí mi ti yí.

Ohun kan wà lára ògiri ẹ̀yìn ilé. Ìdí ẹ̀ nípọn bí itan mi. Ó lọ́ mọ́ ara rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n fún lódò, ó fà mọ́ ògiri títí dé fèrèsé òkè, ó sì na apá sọ́tùn-ún sósì. Àwọ̀ eérú ni. Èèpo rẹ̀ ń bó. Mo kàn án, ó ń dún kókókó. Glicine ni Signora ń pè é.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kejì, wọ́n pè mí láti Torino. Ohùn wọn ń já, ó ń so. Wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè ìlẹ̀kùn, lẹ́yìn náà wọ́n ní:

"Il glicine, potalo bene. Poi porta via tutto."

Etí Yorùbá ni etí mi. Àwa la gbọ́ ọ̀rọ̀ Òyìnbó tá a sọ ọ́ di káàdì, páákì, kọ́ọ̀tù. R tó wà láàárín wọn, a ò mọ ibi tá a jù ú sí. Ohun tí Signora sọ ni pé kí n tọ́ ẹ̀ka glicine náà dáadáa, kí n gé èyí tó gùn kù, lẹ́yìn náà kí n kó pàǹtírí rẹ̀ lọ. Pota nìyẹn. Ohun tí mo gbọ́ ni porta: gbé e lọ. Gbé e lọ dáadáa, kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ó sì bá ojú mi mu. Kí ni ènìyàn fẹ́ fi òkú igi ṣe lára ògiri?

Mo mú ayùn. Sátidé méjì ni mo fi ṣe é. Igi náà le ju bí mo ṣe rò lọ. Inú rẹ̀ tutù, ó funfun, omi díẹ̀ ń sun níbi tí ayùn gbà kọjá. Mo rí omi yẹn. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ èyí náà: mo rí i, mo ní ìrì ni. Mo fi bárò kó o lẹ́ẹ̀mẹfà lọ sí ibi tí wọ́n ń da igi àti ewé sí. Gbòǹgbò rẹ̀ ò gbà fún mi, mo ṣá a títí ó fi wọlẹ̀, mo fi erùpẹ̀ bò ó, mo gbé ìkòkò òdòdó kan lé e lórí. Ògiri mọ́ roro, àmọ́ ojú ibi tí igi náà lọ́ mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún funfun ju ìyókù lọ, ó dúró síbẹ̀ bí àpá.

Mo pe Signora. "Fatto, signora! Tutto via!" Mo ti ṣe é, gbogbo rẹ̀ ti lọ.

"Bravo," ni wọ́n wí.

Ọ̀rọ̀ ìyìn àkọ́kọ́ tí ará ibí sọ sí mi nìyẹn. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé Signora pè mí ní bravo, mi ò sọ iṣẹ́ tí mo ṣe. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ìyàwó ló kù."

Ìgbà tí oṣù Kẹta dé ni ojú mi là. Òwúrọ̀ Sátidé kan, mo ṣí géètì, mo rí pé igi ẹ̀gbẹ́ géètì, tó dà bí ìgbálẹ̀ tó ti gbó, ti yọ òdòdó láti ìdí dé orí. Òdòdó ofeefee ni, kò tiẹ̀ dúró de ewé. Mo lọ fọwọ́ kàn án. Lójú ilẹ̀, àwọn nǹkan kan ti gún erùpẹ̀ jáde bí ìka ọwọ́. Lára àwọn igi róòsì tí mo rò pé ẹ̀gún nìkan ló kù, ojú pupa kéékèèké ti là.

Baba arúgbó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Signora wà lẹ́yìn odi kúkúrú, ó mú sísọ́ọ̀sì ńlá dání, ó ń fi gé orí róòsì tirẹ̀. Mo kí i, mo béèrè ohun tó ń ṣe.

"Sto potando," ló wí.

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí sísọ́ọ̀sì, kò gbé nǹkan kan. Mo ní, "Portando? Gbé lọ síbo?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wo ẹnu òun. Ó pè é díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ọwọ́: porta, ó ṣe bí ẹni gbé àpò sórí. Pota, ó gé ẹ̀ka kan, ó tọ́ka sí ojú kékeré tó wà nísàlẹ̀ ibi tó gé, ó ní kí ibẹ̀ lè hù ni. Ó wá na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ilé Signora, ó ní, "E il glicine? Ó máa rẹwà lọ́dún yìí, àbí?" Ibi tó wà, kò lè rí ògiri náà.

Mo ní ó máa rẹwà.

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo lọ dúró níwájú ògiri. Ẹnu mi ń pe pota, porta, pota, porta, títí ọ̀rọ̀ méjèèjì fi sọ ìtumọ̀ nù.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló ṣẹ́ kù kí Signora dé. Lójoojúmọ́ ni ọgbà yẹn ń gbé tuntun jáde. Tulipano pupa, tulipano funfun, òdòdó aláwọ̀ àlùkò kan tó ń fi orí balẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n bá wí. Màámi ní kí n ya fídíò. Mo yà á fún wọn, wọ́n pe ìyá ìjọ méjì wá wò ó. Mo ń gbọ́ wọn: "Ọmọ mi ló gbìn ín o! Ẹ wo ọwọ́ ọmọ mi!" Mi ò sọ pé kì í ṣe èmi ni mo gbìn ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Kí ló wà lára ògiri yẹn tẹ́lẹ̀?" Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, mo pa fóònù.

Signora dé lọ́jọ́ Ẹtì kan, ọmọ wọn fi mọ́tò gbé wọn wá, ó sì padà lọ́jọ́ náà. Wọn ò jókòó. Ọ̀pá lọ́wọ́, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n gbà lọ tààrà. Mo tẹ̀lé wọn. Wọ́n dúró níwájú ògiri, wọ́n ń wo àpá funfun náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí ẹni ń ka ìwé.

"Dov'è?" Níbo ló wà?

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò gùn: mi ò gbọ́ èdè yín dáadáa, ẹ forí jì mí. Ṣùgbọ́n mo rí permesso mi níwájú mi, mo rí i bó ṣe ń ya. Mo ní, "Mo gé ẹ̀ka kéékèèké bí ẹ ṣe wí. Nígbà tí mo padà wá lọ́sẹ̀ kejì, mo bá a bẹ́ẹ̀."

"Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́?"

"Láńre," ni mo wí.

Òótọ́ ni. Òótọ́ ni mo fi ṣe irọ́ tó burú jù láyé mi.

Signora yíjú wo fèrèsé òkè. Mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kó jọ lójú wọn. Wọ́n ní Láńre ti sọ fún àwọn rí pé igi yìí ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ yàrá òkè. Wọ́n ní ó pe àwọn ní Torino nínú oṣù kìíní, pé òun wá wọn fèrèsé òkè fún kọ́tìnì. Wọ́n ní, "Ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọn ò pariwo. Ọkọ wọn ló gbin glicine náà lọ́sẹ̀ tí wọ́n bí ọmọ wọn. Ọmọ náà ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Wọ́n pe Ẹ̀gbọ́n lójú mi. Mo ń gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n nínú fóònù, ariwo ẹ̀rọ magazzino lẹ́yìn wọn: "Signora, no. Signora, Ọlọ́run gbọ́, no." Signora ní kí wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà. Wọ́n ní òkè ò sí fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọn ò bọ́ bàtà. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, ojú wa kọjú síra. Yàrá náà ò fẹ̀, orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

"Àbúrò. Ìwọ kọ́ lo gé e?"

"Èmi kọ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Fi Ọlọ́run búra."

"Ọlọ́run ń gbọ́ mi. Èmi kọ́."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Mo kàn ní kí n béèrè ni. Mo mọ̀ pé o ò lè fi irú ẹ̀ pamọ́ fún mi." Wọ́n dìde, wọ́n bu ìrẹsì fún èmi àti àwọn. Ẹran méjì ló kù nínú ìkòkò. Wọ́n fi méjèèjì sínú àwo mi.

Ibi tá a ti ń jẹun ni fóònù ti dún. Tèmi ọmọ wọn ló ń pè, fídíò. Ó ya ẹnu gbàgà, ihò wà níwájú. Eyín rẹ̀ àkọ́kọ́ ti yọ.

"Dádì! Ẹ wò ó! Mo ti ju ú sórí òrùlé. Òkúta mẹ́fà ni mo fi kún un, mo diwọ́, mo diju, alángbá ò rí i."

"Ṣé alángbá ò rí i lóòótọ́?" Ẹ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín, ojú wọn pọ́n.

"Kò rí i! Ó máa hù. Mọ́mì ní èyí tó bá tún yọ, òrùlé ilé wa lọ́dọ̀ yín ni màá jù ú sí. Dádì, ṣé ilé wa yẹn ní òrùlé?"

Ẹ̀gbọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ó ní òrùlé."

Mo dìde lọ fọ àwo.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé irọ́ yìí kiri. Ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ gbé ìwé ilé lọ fún ìjọba wá, ó kọjá, wọn ò rí ìwé kankan gbé lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ènìyàn ń bi wọ́n pé, "Brọ́dà, ìgbà wo la máa wá ṣí ilé?" Wọ́n á ní, "Láìpẹ́." Signora fọwọ́ sí contratto mi. Wọ́n ní ẹni tó ń ṣòótọ́ ló kù fún àwọn. Mo gba bírò, mo kọ orúkọ mi.

Glicine ti ń yọ nínú ọgbà àwọn ẹlòmíràn nígbà náà. Mi ò mọ òdòdó rẹ̀ rí. Ní gbogbo Arcella, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí odi, lórí géètì, aláwọ̀ àlùkò, ìdì rẹ̀ rí bí èso àjàrà, òórùn rẹ̀ ń wọ inú tíráàmù nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Igi eérú kan náà, èèpo kan náà tó ń bó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ní ibùdó tó ṣáájú kí n má baà rí wọn, àmọ́ ọ̀nà tí mo wá ń fẹsẹ̀ rìn gan-an ló kún fún wọn jù.

Mo máa ń rò pé àwọn ará ibí ń wo irú wa bí mo ṣe ń wo igi wọn nígbà òtútù. Wọ́n rí wa láìní ewé, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ la ṣe rí. Inú máa ń bí mi sí i. Àmọ́ èmi náà ni mo mú ayùn.

Nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kan, mo pe màámi. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn ni. Mo ní, "Màámi, àwọn igi tí mo sọ fún yín, wọn ò kú. Gbogbo wọn ló ti jí."

Màámi bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí! Ìrókò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ńkọ́? Ṣé kì í wọ́wé lásìkò ọyẹ́ ni? Ìdí ẹ̀ lẹ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. O wá dé ìlú Òyìnbó, o gbàgbé pé igi máa ń wọ́wé. Ta lo rí tó gbé àáké lọ bá a rí?"

Mo gbé fóònù kúrò létí.

"Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, mà."

"Kí lo ṣe?" Ohùn wọn ti yí. Ìyá ni wọ́n, wọ́n mọ ìdákẹ́ mi.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò pariwo mọ́ mi. Wọ́n ní, "Láńre tó fún ẹ ní jákẹ́ẹ̀tì?" Wọ́n ní, "Irọ́ máa ń tanná, kì í so. Dìde níbi tó o jókòó sí." Wọ́n gé fóònù. Màámi ò gé fóònù mọ́ mi rí.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Signora nínú ọgbà. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ń wo tulipano. Mo kúnlẹ̀, nǹkan tí wọn kì í ṣe níbí. Mo ní èmi ni. Mo ní pota lẹ ní, porta ni mo gbọ́, mo sì rò pé ó ti kú. Wọ́n ní kí n dìde kúrò nílẹ̀, ilẹ̀ tutù. Mi ò dìde.

"Nítorí lẹ́tà kan," ni wọ́n wí.

Mo ní nínú èdè wa náà, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Mo ní òdòdó ni nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, òdodo sì ni ohun tí mo yẹ kí n sọ fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohùn ló yà wọ́n. Mo ní mi ò lè bá lẹ́tà wí. Etí mi ló ṣi pota gbọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo pe orúkọ Láńre, etí mi ò sí níbẹ̀.

Wọ́n ní, "Ti igi, èmi ni mo ni ín, mo lè forí jì ẹ́ tó bá yá. Ti ọkùnrin yẹn, mi ò ni ín." Wọ́n ní contratto mi wà níbẹ̀, àwọn ò ní ya á, ṣùgbọ́n àwọn ò fẹ́ rí ọwọ́ mi lára ewéko àwọn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n mú fóònù, wọ́n pe Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn. Mo ní, "Signora, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ti ẹnu mi sọ ọ́." Wọ́n na fóònù sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo gé e."

Mo ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ. Mo ń gbọ́ ẹnì kan tó ń pe orúkọ wọn lẹ́yìn.

"O fi Ọlọ́run búra," ni wọ́n wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń rán mi létí ohun tí mo gbàgbé sílé. Wọ́n pa fóònù.

Mo kó ẹrù mi jáde ní yàrá náà kí wọ́n tó dé. Mo fi jákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Ọmọ ìjọ kan bá mi wá iṣẹ́ sí Reggio Emilia, magazzino lòun náà, àpótí ni mò ń gbé láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Porta, porta, porta. Ọ̀gá wa ló máa ń pariwo ẹ̀. Èyí mo gbọ́ yékéyéké.

Ẹ̀gbọ́n gba òkè Signora. Àmọ́ ọjọ́ ìjọba ti kọjá, gbogbo ìwé ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdílé tí wọ́n ń retí nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, ọdún kejì ni wọ́n tó dé. Eyín mẹ́ta ni Tèmi ti jù sórí òrùlé Ìbàdàn kó tó débí. Mo mọ̀ nítorí pé ìyàwó Ẹ̀gbọ́n máa ń fi fọ́tò síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Mo máa ń ka eyín ọmọ ọlọ́mọ.

Ní oṣù Kẹta tó kọjá, nọ́ńbà Ẹ̀gbọ́n wọlé sórí fóònù mi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan tí wọn ò ti pè.

"Signora ní kó o wá lọ́jọ́ Sátidé."

"Kí ni mo ṣe, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ṣé mo ní o ṣe nǹkan ni? Wá."

Mo dé, igi ofeefee ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ọmọbìnrin kan wà nínú ọgbà, kóòtù pupa ló wọ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "Tèmi, kúnlẹ̀ kí bọ̀ọ̀dá." Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Buongiorno." Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta ẹnu ọ̀nà, mo sì wà níbẹ̀ títí wọ́n fi ní, "Dìde, o ti ń ba aṣọ jẹ́." Wọn ò dì mọ́ mi. Jákẹ́ẹ̀tì náà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n jù ú sí mi láyà.

Tèmi di eyín kan mú lọ́wọ́. Eyín mìíràn ló yọ kúrò lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n ti ń dúró dè mí kó tó jù ú, nítorí òkúta méje ló nílò, iye ọdún rẹ̀, àwọn òkúta dáadáa, ìyá rẹ̀ sì ní èmi ni mo mọ ilẹ̀ ọgbà náà. Mo bá a ṣa á. Ó diju, ó ju gbogbo ẹ̀ sórí òrùlé Signora, òkúta kan bọ́ padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí lórí. Signora béèrè ohun tá à ń ṣe.

"Perché cresca," ni Tèmi dá wọn lóhùn. Kó lè hù.

Signora ní kí n bọ̀. Wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn ilé, Ẹ̀gbọ́n ń tẹ̀lé wa. Ìkòkò tí mo gbé lé gbòǹgbò ti là sí méjì. Láti abẹ́ rẹ̀, ọ̀mùnú márùn-ún ló ti gba erùpẹ̀ jáde, tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ eérú, wọ́n ti ń wá ọ̀nà mú ògiri. Ojú kéékèèké wà lára wọn. Signora ní kí n fi ọ̀kan tó lágbára jù sílẹ̀, kí n gé ìyókù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á máa bára wọn jà. Mo béèrè ìgbà tó máa tún yọ òdòdó. Wọ́n ní ọdún márùn-ún, bóyá méje. Signora ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Mo ṣírò ọdún náà nínú mi, mo rí i pé àwọn náà ti ṣírò rẹ̀.

Wọ́n na sísọ́ọ̀sì ńlá sí mi.

"Pota," ni wọ́n wí.

Mo gbà á. Mo ní, "Signora, ẹ má bínú. Èyí tó ní r ni, àbí èyí tí kò ní?"

Ẹ̀yìn mi ni ẹ̀rín náà ti wá, kúkúrú, bí ẹni kọ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó gbà. Ẹ̀gbọ́n Láńre ni. Signora ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ọ̀pá kan ọ̀mùnú àkọ́kọ́, wọ́n ní, "Senza." Èyí tí kò ní.

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Kí n tó gé ẹyọ kan, mo wo gbogbo wọn fínnífínní.